Mọ́dábọ́ọ̀dù Nìkan Ló Kù

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì dá títí mo fi kúrò níbi iṣẹ́. Ẹrù òtẹ́ẹ̀lì méjì dé sílé ìfọṣọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun tó ga jù mí lọ. Apá ń ro mí.

Mo ṣí yàrá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ọmọ mi ọkùnrin, lónìí. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni ilẹ̀kùn náà ti wà ní títì. Bàbá rẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ kan ilẹ̀kùn ọ̀hún máa ń gbójú kúrò níbẹ̀ tó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n orí àga pálọ̀ ni àbíkẹ́yìn mi ń sùn, ó sì ti ga débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Odidi yàrá wà nílé, ọmọ wá ń ká jọ bí ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò. Mo ní kí n kàn gbálẹ̀ ibẹ̀ ná.

Eruku ibẹ̀ kò pọ̀ tó bí mo ṣe rò. Ìyẹn gan-an dùn mí. Ó yẹ kó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lórí àpótí aṣọ rẹ̀ ni mo ti bá àwọn páálí náà. Èyí tó tóbi jù, ilé irin dúdú kan ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan jẹ́ gíláàsì, inú rẹ̀ ṣófo. Àwọn kéékèèké tó kù wà ní títò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀kan kò ní páálí, súwẹ́tà rẹ̀ aláwọ̀ ewé ló fi wé e. Mo gbé súwẹ́tà náà símú. Mi ò ní kọ ohun tó tẹ̀lé ìyẹn.

Ohùn àbíkẹ́yìn mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. "Mọ́mì, ẹ rọra. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nìyẹn. Òun ló wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀."

Ó jókòó sílẹ̀, ó ń gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ to kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ta géèmù ni. Ó ní èyí ni ọpọlọ rẹ̀, èyí ni ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí, èyí ló ń pín iná.

"Mọ́dábọ́ọ̀dù nìkan ló kù."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

"Pátákó ńlá kan tí gbogbo ìwọ̀nyí máa so mọ́. Tí ò bá sí i, wọn ò lè bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹrù lásán ni wọ́n."

Mo wo ilẹ̀ títí. Ẹrù lásán.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Bàbá wọn wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó ní ìpéǹpéjú. Mo jẹ́ kó jẹun tán kí n tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Ká tà wọ́n," ló wí.

"Ohun tí ọmọ fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ díẹ̀díẹ̀?"

"Ta ló fẹ́ lò ó? Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù nínú kọ̀ǹpútà?"

Tó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, à bá ti rẹ́rìn-ín sí i.

"Mo fẹ́ parí ẹ̀ ni," ni mo wí.

"Kó o parí ẹ̀ fún ta ni?"

Ó gbé àwo rẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́. Kì í fọ àwo tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ló ti ń fọ̀ ọ́. Omi á máa ṣàn, á dúró síbẹ̀, àwo á sì ti mọ́ tipẹ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Ìyá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́. "Màmá" ni gbogbo wọn ń pè mí báyìí, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń rìn lórí gíláàsì tó fọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Èmi àti àbíkẹ́yìn mi lọ sí òpópónà tí wọ́n ti ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà. Oòrùn mú, ọ̀nà sì ṣì ní ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò àná.

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tutù bí ilé òkú. Ọkùnrin tó ń tajà níbẹ̀ ti da lọ́fíńdà sára. Ó gbé pátákó kan sórí káńtà bí ẹni gbé ọmọ tuntun jáde, ó tan án, àwọ̀ oríṣiríṣi sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lára rẹ̀: pupa, búlúù, elése àlùkò.

"Màmá mi, èyí ni gbogbo ayé ń rà báyìí."

Ó dárúkọ iye rẹ̀. Mo di káńtà mú.

"Ṣé iná yẹn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ẹwà ni."

"Ẹwà olówó gọbọi báyìí? Ṣé mo fẹ́ gbé e níyàwó ni?"

Nígbà tí a jáde sí títì, àbíkẹ́yìn mi dúró, ó di ikùn mú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ láti oṣù kọkànlá tí a ti sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ló wá dà bí ẹni pé a ti ṣe ohun tí kò yẹ.

Ṣọ́ọ̀bù kejì kéré, ó gbóná. Géńdé kan wà níbẹ̀ tí ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní òun ní èyí tó rọjú, ó ní kò sí ọpọlọ tí kì í wọ̀ ọ́. Mo rà á. Mo gbé e sáyà nínú ọkọ̀ títí a fi délé.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Kò wọ̀ ọ́. Abẹ́ ọpọlọ tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rà kún fún eyín tín-ín-rín, ó tó ẹgbẹ̀rún. Ihò ló yẹ kó wà lára pátákó tí wọn yóò wọ̀. Ṣùgbọ́n pátákó tiwa náà, eyín ló ní. Eyín dojú kọ eyín. Àbíkẹ́yìn mi fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ wò, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kí n fọ́ ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ rà? Ó bínú, ó ní òun ò fẹ́ fọ́ nǹkan kan. Ó padà sórí àga pálọ̀, ó fi aṣọ borí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá wa, mo gbé pátákó náà padà.

"A kì í gbà á padà, Màmá," ni géńdé ẹlẹ́pà wí. "Ẹ ti tú u."

"O sọ fún mi pé kò sí ọpọlọ tí kì í wọ̀ ọ́."

"Ẹ̀yin ni ẹ ò ṣàlàyé dáadáa."

Mo fa àga, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo ní mi ò bínú, mi ò pariwo, mo kàn fẹ́ jókòó ni. Oníbàárà kan wọlé, ó bi mí pé ṣé kò sí, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó jáde. Ìkejì wọlé, mo sọ fún òun náà. Nígbà tí ìkẹta fẹ́ wọlé, ẹlẹ́pà fi ọwọ́ nu ẹnu, ó dá owó mi padà.

Bí mo ṣe ń lọ, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Nígbà míì, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín tó ni kọ̀ǹpútà wá fúnra rẹ̀. Èmi àtòun máa yé ara wa."

Mo ní, "Ó dáa."

Mo rìn dé ibùdókọ̀, ọkọ̀ mi dé, ó lọ, òmíràn dé, ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ránṣẹ́ pe Ọlọ́wọ́-Òsì. Òun àti ọmọ mi ló jọ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ń kó táyà sí. Ó dé lọ́sàn-án tòun ti òórùn rọ́bà lára aṣọ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, kò sì dìde.

"Màmá, mi ò lè wá látọjọ́ yìí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí fún yín."

"Mi ò ní kó o wí nǹkan kan. Dìde, wá bá mi wo kiní yìí."

Ó rí àwọn páálí náà, ó sì jókòó. Òun ló bá ọmọ mi gbé káàdì yẹn wálé, ó ní orí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ti gbé e, ọmọ mi ń wà á, òun gbá káàdì mọ́ra lẹ́yìn. Bó ṣe dárúkọ kẹ̀kẹ́ ló dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ yẹn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù gbá lọ́jọ́ tí ọmọ mi kú.

Mo bu omi fún un. Nígbà tó yá, ó ṣàlàyé gbogbo nǹkan fún wa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní kíkà. Ó ní kí á kọ́kọ́ wá èyí tó ní ihò tó bá eyín ọpọlọ wa mu. Ó ní kí á wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà, ibi tí iná ti ń wọlé: tí wọ́n bá fi irin bò ó, kò ní gbóná jù bí èèyàn bá ń ta géèmù fún ìgbà pípẹ́. Tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní ìhòòhò, kí á má rà á, bó ti wù kó rọjú tó. Ó ní kí ojú ihò tí wọ́n ń ki ìrántí kọ̀ǹpútà, àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ inú páálí, sí jẹ́ mẹ́rin, kí àyè ìfikún lè wà lẹ́yìnwá ọ̀la.

"Èyí tó ń tan iná ńkọ́?" ni àbíkẹ́yìn mi bi í.

Ọlọ́wọ́-Òsì rẹ́rìn-ín. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́? Kò jẹ́ rà á láéláé. Ó ní pátákó lòun fẹ́ rà, òun ò ra ọdún."

"Kí ló dé tí kò fi rà á pẹ̀lú àwọn tó kù?" ni mo bi í.

"Ó ń retí kí owó rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i ni, Màmá. Mo ní kó rà á nígbà yẹn. Ó ní kò sí ohun tó ń lé òun."

Àbíkẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà sínú páálí.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Òjò. Iná lọ níbi iṣẹ́, a fi ọwọ́ fún aṣọ. Bàbá wọn ò bi mí ní nǹkan kan nípa àwọn páálí náà, èmi náà ò sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo kọ ti àárọ̀ sílẹ̀ níhìn-ín kí ti ìrọ̀lẹ́ má bàa gbé e mì.

Àwa mẹ́ta la lọ: èmi, àbíkẹ́yìn mi, àti Ọlọ́wọ́-Òsì. Ó mú wa lọ sọ́dọ̀ obìnrin àgbà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, tó fi awò kan sójú, tó fi ìkejì sórí. A kí i dáadáa, ó dáhùn dáadáa. Ó to pátákó mẹ́ta síwájú wa.

Èkíní kéré, ihò ìrántí rẹ̀ jẹ́ méjì péré, ibi iná rẹ̀ sì wà ní ìhòòhò. Òun ló rọjú jù. Ẹ̀kẹta jẹ́ tuntun gan-an, ó rẹwà, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì, ohun tó sì fi jù ú lọ, Ọlọ́wọ́-Òsì ní a ò ní lò ó láéláé. Èkejì ló ní irin lórí ibi iná, tó ní ihò mẹ́rin. Obìnrin náà ní ó ti pẹ́ nínú páálí lọ́dọ̀ òun, àwọn èèyàn ń lé tuntun, ìdí nìyẹn tó fi wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì lò ó rí.

Ó wò mí lókè awò rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ lò ó pẹ́ ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kó ṣiṣẹ́?"

Ìbéèrè tí gbogbo ọlọ́jà máa ń bi èèyàn nìyí. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Tí mo bá tò ó tán, kí ni mo fẹ́ wí fún un, kó jókòó sínú yàrá kó máa tàn?

"A fẹ́ lò ó pẹ́," ni àbíkẹ́yìn mi wí. Ó ti gbé èkejì lọ́wọ́ kí n tó yíjú sí i.

Mo bá obìnrin náà nájà, ó gbé díẹ̀ kúrò, ó fi ìdè kéékèèké tí a máa fi so ó mọ́ irin kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣẹ́gun ni mo kà á sí.

Lójú ọ̀nà, mo fa àbíkẹ́yìn mi lọ́wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ṣé o fẹ́ kọ̀ǹpútà yìí ni?"

Kò wò mí. "Ẹ ò bi mí rí, Mọ́mì."

Ó ní nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun bá ti lọ síbi iṣẹ́, òun ló máa ń wo àwọn nǹkan náà, tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Ó ní òun ló bá a yan ilé irin onígíláàsì yẹn. Ó ní láti ìgbà tó ti kú, gbogbo ẹni tó wá sílé wa, àwa òbí ni wọ́n ń kí. Wọ́n á ní kí òun bá wọn gbé àga wá.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí a fi wọkọ̀. Kò gbà á kúrò lọ́wọ́ mi.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. A délé, a to ohun gbogbo sílẹ̀, mo ní kí n tú súwẹ́tà. Súwẹ́tà wà níbẹ̀, wọ́n ká a dáadáa. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Bàbá wọn wà ní kíṣìnnì. Kò tilẹ̀ purọ́.

"Mo ti tà á."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

A ò bára wa sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ síbi tó máa ń jókòó sí, mo lọ jẹ tèmi níta.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òun ló kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ń lọ aṣọ iṣẹ́ mi lọ́wọ́.

"Mi ò ṣe é torí owó," ló wí. "Owó ọ̀hún wà nínú dúróòsì, mi ò fọwọ́ kàn án."

Mo ń lọ aṣọ.

"Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ tó ò ń ṣí àwọn páálí yẹn. Wàá ṣí wọn, wàá pa wọ́n dé. Ìwọ ń gbọ́ ìró páálí. Èmi, ìró pósí ni mò ń gbọ́." Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú bí ẹni pé kì í ṣe tirẹ̀. "Ọwọ́ yìí ni mo fi kàn án. Mo wọn ọmọ mi bí ẹni wọn ilẹ̀kùn. Mo rò pé tí èyí tó ṣe pàtàkì jù bá ti kúrò ńlé, wàá jẹ́ kí àwọn tó kù lọ."

Mo pa áyọ́ọ̀nù. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti fi bú u ni mo wá, mi ò rí i mọ́.

"Ọmọ kan ṣì wà nínú ilé yìí," ni mo wí. "Òun ló fẹ́ ẹ. Èmi náà ò mọ̀, àfi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta."

Ó wo ọ̀nà pálọ̀, níbi tí ẹsẹ̀ àbíkẹ́yìn mi ti yọ lórí àga. Ó wò ó pẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ ọgbọ̀n

Bàbá wọn jáde ní kùtùkùtù, kò sọ ibi tó ń lọ. Nígbà tó dé, ó ní òun lọ bá ọkùnrin tó ra káàdì náà. Ó ní ilé géèmù kan ni, àwọn èèyàn ń sanwó wọlé láti ta á. Ọkùnrin náà ti fi káàdì yẹn sínú ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ní kò sí owó tí òun máa gbà kí òun tó yọ ọ́, àwọn oníbàárà òun ti fẹ́ràn rẹ̀.

"Kí lẹ wá wí?" ni mo bi í.

"Mo gbé ọwọ́ lé tábìlì rẹ̀. Mo ní, 'Tábìlì yín ń mì.'"

"Ẹ wí kí ni?"

"Gbogbo tábìlì tó wà níbẹ̀ ló ń mì. Ayédèrú ni ẹni tó kàn án. Mo ní màá kan tuntun fún un, gbogbo rẹ̀, tí kò ní mì títí tó máa fi darúgbó. Kó dá káàdì mi padà."

Ọ̀sẹ̀ yìí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tó sọ̀rọ̀ tó gùn tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin

Ọkùnrin náà gbà. Tí bàbá wọn bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ilé géèmù ló ń gbà lọ láti kan tábìlì. Ó ń rẹ̀ ẹ́. Èékánná rẹ̀ kan ti dúdú, òòlù ló gbá a. Pákó ti wọ́n sí i, ó ní òun ń lo èyí tó kù nínú ilé iṣẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ìyá kan láti àdúgbò kejì wá kí mi, ọmọ tirẹ̀ náà kú lọ́dún tó kọjá. Ó bá mi ká aṣọ, ó lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá

Bàbá wọn gbé káàdì náà dé. Ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ wé e. Kò gbé e fún mi, àbíkẹ́yìn mi ló gbé e fún.

"Gbà. Má bínú sí mi."

Ọmọ náà ò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì," ohùn rẹ̀ sì já.

A ránṣẹ́ sí Ọlọ́wọ́-Òsì. Inú yàrá Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ la ti tò ó, ojú fèrèsé wà ní ṣíṣí, oòrùn ọ̀sán ń wọlé. Bàbá wọn kọ́kọ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ń de pátákó mọ́ irin, ó ń fi agbára yí i, bàbá rẹ̀ ò lè fara dà á.

"Rọra, rọra. Má dè é pa. Kọ́kọ́ mú gbogbo ẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kó o wá máa dè é lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá wọ́, ó máa là."

Kó tó mọ̀, ó ti wọlé. Ó ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ. Èmi ń di wáyà mú bí wọ́n ṣe ní kí n dì í mú.

Eyín ọpọlọ wọ ihò láìjà. Ó rọ̀ wọlé bí ẹsẹ̀ ṣe ń wọ bàtà tó bá a mu. Àwọn tó kù náà wọlé. Àbíkẹ́yìn mi tẹ bọ́tìnì.

Fáànù yí. Ojú tẹlifísọ̀n tí a so mọ́ ọn dúdú.

A pa á, a tún tàn án. Fáànù yí, ojú rẹ̀ dúdú. Ọlọ́wọ́-Òsì tú káàdì, ó dá a padà. Ó tú ìrántí, ó dá a padà. Dúdú.

Àbíkẹ́yìn mi fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Èmi ni mo bà á jẹ́. Gbogbo ohun tó kó jọ, èmi ni mo bà á jẹ́."

Bàbá rẹ̀ gbá a mọ́ra. Ó ti pẹ́ tí mo rí i tó ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Kò sọ fún un pé kó má sunkún. Ó jẹ́ kó sun ún, òun náà sì sun tirẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òsì dìde, ó lọ dúró níta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo gbé pátákó àti ọpọlọ padà lọ bá obìnrin abẹ́ àtẹ̀gùn, ara mi ti múra ìjà. Kò jẹ́ kí n jà. Ó wo ọpọlọ, ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí, ó lu iwájú orí ara rẹ̀.

"Ẹ̀bi tèmi ni. Pátákó yìí dàgbà ju ọpọlọ yìí lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe é, wọn ò tíì bí irú ọpọlọ yìí, kò sì dá a mọ̀. Kò bà jẹ́. Ẹ jókòó."

Ó fi ọpọlọ àtijọ́ kan tó wà nínú dúróòsì rẹ̀ sí i, ó ki fúláàṣì kékeré kan tó ní ẹ̀kọ́ tuntun tí pátákó yóò fi mọ ọpọlọ tiwa sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jẹ́ kó máa kà á. Ó ní kí n má fọwọ́ kan iná rárá títí yóò fi parí. A jókòó, a ń wo ìlà funfun kan tó ń gùn lójú tẹlifísọ̀n rẹ̀.

"Ta ló ni ín?" ló bi mí.

"Ọmọkùnrin mi. Ó ti kú. Àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ lò ó."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sọ ọ́ fún àlejò, láìdúró, láìfi nǹkan bò ó. Ó yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Kò fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí ìlà funfun yẹn kún tán, ó dá ọpọlọ tiwa padà sáyè rẹ̀, ó tàn án, lẹ́tà sì yọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Ó ṣiṣẹ́. A tò ó padà lẹ́yìn iṣẹ́, àbíkẹ́yìn mi tẹ bọ́tìnì, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́wọ́-Òsì hó. Bàbá wọn fi ọwọ́ kan gíláàsì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní iṣẹ́ náà mọ́.

Mo ti rò pé nǹkan kan máa kúrò láyà mi tó bá tàn. Láti oṣù kẹta ni mo ti ń rò ó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dúró, mò ń retí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ni. Ó tàn, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde lẹ́yìn, ọmọ mi ò sì dé.

Mo lọ sí balùwẹ̀, mo ṣí omi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Àbíkẹ́yìn mi kó lọ sínú yàrá. Ó ní kí n má yọ aṣọ ẹ̀gbọ́n òun kúrò nínú àpótí, tirẹ̀ á gba apá kan. Súwẹ́tà aláwọ̀ ewé ló wọ̀ sùn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkànlélógún

Ooru mú lónìí, gbogbo ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Mò ń ká aṣọ ní pálọ̀, bàbá wọn ń mu tíì, ó ń gé èékánná rẹ̀ tó dúdú. Láti yàrá, ariwo géèmù ń jáde, ohùn àbíkẹ́yìn mi sì gba gbogbo ilé, òun àti Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n jọ ń ta á, oníkálukú nílé tirẹ̀.

"Ẹ̀yìn rẹ! Mo ní ẹ̀yìn rẹ! Ṣé o ò gbọ́ ni? Ó ti pa ọ́!"

Ẹnu mi ṣí kí n tó mọ̀.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́! Ṣé wàá dín ariwo yẹn kù!"

Géèmù náà dákẹ́. Bàbá wọn gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Mo dúró sáàárín pálọ̀, àpò ìrọ̀rí wà lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé e sí.

Nígbà tó yá, ohùn kékeré kan wá láti yàrá.

"Mọ́mì, èmi ni."

"Mo mọ̀," ni mo wí. "Mo mọ̀, ọmọ mi."

Mo gbọ́ tí àga ń ha ilẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ pa á ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú láti sọ pé kó má pa á.

Bàbá wọn ló gbé ohùn rẹ̀ sókè, kò wo ẹ̀gbẹ́ kankan.

"Má pa á o. Máa ta á lọ. Máa pariwo."

Lẹ́yìn náà, a gbọ́ ohùn rẹ̀, jẹ́jẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó ń sọ fún Ọlọ́wọ́-Òsì pé kò sí nǹkan kan, pé kó gba ọ̀tún. Nígbà tí mo fi máa ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kejì tán, ó ti ń bú u lóhùn rara.